Bàtà wo ló dáa fún ẹni tó ń ru kọnkéré gun pákó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin bíríkìlà àti fómàànù. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà n'Íbàdàn. Rénbúùtù onírọ́bà ló ń wọ̀, kí sìmẹ́ǹtì má bàa jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ìyẹn dáa, ó sàn ju sílípáàsì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bàtà náà tóbi jù ú: gìgísẹ̀ á ṣáájú, bàtà á tẹ̀ lé e. Gbogbo ilà abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán, ó ń dán bí àwo. Òun náà ló fi ń ru kọnkéré gun pákó! Ó ní òun kì í mọ etí pákó lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, àfi kóun wo ilẹ̀. Ẹni tó ru ẹrù sórí, báwo ló ṣe fẹ́ wo ilẹ̀? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ṣubú, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Mo rí bàtà sefútì onírin nímú tí wọ́n kọ SRC sí. Ìtumọ̀ àmì yẹn ni pé wọ́n ti dán an wò bóyá ó ń yọ̀ lórí táìlì olómi ọṣẹ àti lórí irin tí wọ́n da gilisérìnì sí. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn làwa ní. Ó tún wúwo, abẹ́ rẹ̀ sì nípọn. Ṣé kò ní jẹ́ kó túbọ̀ ṣòro fún un láti mọ ibi tó ń tẹ̀? Àbí kí n kúkú ra rénbúùtù tuntun tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ méjèèjì gun òkè, èwo lẹsẹ̀ yín gbà? Ẹ má sọ pé kó bọ́ bàtà o, ìṣó pọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀.