Ẹ gbà mí o, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mò ń kọ máa ń dákẹ́ lójijì

Ará Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ó ti sú mi. Mò ń kọ ètò tó ń ṣe bíi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì NE2000, àti ṣíìpù DP8390 inú rẹ̀ gan-an. Ping (ìdánwò ìsopọ̀) ń lọ, ó ń bọ̀. Bí packet (ìdì dátà) bá ti pọ̀, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, Linux ò sì ráhùn. Mo ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, mo ti tún dírafà (ètò tí Linux fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) gbé sí i, iná náà tún ń ṣe ségesège. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Alákétu: Àbúrò, ẹjọ́ iná kọ́ nìyí. Nígbà tí àyè bá tán nínú ring, ibi tí káàdì ń kó packet tó dé sí, ṣé o ń tan OVW (àmì pé ring ti kún), ìyẹn bíìtì 0x10 nínú ISR, rẹ́jísítà tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀?

Ará Àjàṣẹ́: Mò ń tàn án. Ibẹ̀ ò ní wàhálà.

Ọmọ Oníṣábẹ: Àṣìṣe CRC, ìyẹn packet tó bàjẹ́ lọ́nà, ńkọ́? RXE, àmì rẹ̀ nínú ISR, ni 0x04. Kàǹtà mẹ́ta tó ń ka àṣìṣe wà ní 0x0D, 0x0E àti 0x0F. Bí ọ̀kan bá dé 128, bíìtì CNT, 0x20, á tàn nínú ISR. Bí dírafà bá kà á, á di òdo.

Ọmọ Alákétu: CRC wo? Frame (packet bó ṣe ń rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó bá gba TAP, káàdì àfarawé inú Linux, wá kì í ní FCS, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yẹ CRC wò. Àfi kó fọwọ́ ara rẹ̀ ba frame jẹ́.

Ọmọ Oníṣábẹ: Kó bà á jẹ́ nígbà náà! Ṣebí ó ní kó rí bíi káàdì gan-an ni?

Ìyá Ìbejì: Tan OVW, àbúrò.

Ọmọ Oníṣábẹ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ka òkè. Ó lóun ń tàn án.

Ará Àjàṣẹ́: Mò ń tàn án, àfi tí IMR, rẹ́jísítà tó ń sọ bíìtì ISR tó lè pe dírafà, bá jẹ́ 0. Dírafà ti pa interrupt (ìpè tí káàdì ń pè é) nígbà yẹn, ta ló fẹ́ gbọ́?

Ọmọ Alákétu: Háà! O ò tètè sọ. ISR ò gbọ́dọ̀ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìlà IRQ, tí interrupt ń gbà, nìkan ni IMR ń dí. Dírafà 8390 ti Linux máa ń kọ 0 sí IMR bó bá fẹ́ fi packet ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ló ń dá 0x3f padà. OVW tó bọ́ sáàárín ìgbà yẹn, o ti sọ ọ́ nù. Ring kún, kò sẹ́ni tó máa ta dírafà lólobó mọ́. Máa tan bíìtì nígbà gbogbo. Bí ISR tàbí IMR bá ti yí padà, tún ìlà náà ṣírò: ISR & IMR & 0x7f. RST, 0x80, àmì pé káàdì ti dúró, kì í fa interrupt. Dírafà tó kọ 1 sí bíìtì kan nínú ISR, pípa ló ń pa bíìtì yẹn. Má fi ohun tó kọ rọ́pò ISR.

Ìyá Ìbejì: Tí OVW bá dé, dírafà á kọ STOP, á dúró, ó kéré tán 1.6 ms, á sọ RBCR0 àti RBCR1 (kàǹtà báìtì) di 0, á fi TCR (rẹ́jísítà ìfiránṣẹ́) sí 0x02, á kọ START, á kó packet, á pa OVW, kó tó dá TCR padà sí 0. Bí ètò rẹ ò bá ka 0x02 yẹn sí loopback, ìyẹn kí káàdì máa bá ara rẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀, packet tuntun á máa já wọlé nígbà tó ń kó ti àtijọ́.

Ará Àjàṣẹ́: Ẹ ṣé gan-an, kò dákẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kàǹtà 0x0F, tó ń ka packet tó sọnù, ń fún mi ní 0x3f láìsí packet kankan tó sọnù.

Ọmọ Alákétu: IMR rẹ lò ń kà yẹn. Ojú ewé ojú ewé ni wọ́n pín rẹ́jísítà sí. Lójú ewé 0, bí wọ́n bá kọ sí 0x0F, IMR ni. Bí wọ́n bá kà á, CNTR2, kàǹtà yẹn, ni. Ojú ewé 2 ni wọ́n ti ń ka IMR. Yà wọ́n sọ́tọ̀.