Ẹ bá mi yẹ sáìtì aṣọ yìí wò kíá, gbànjo wọn ń parí lóru òní

Àbẹ̀kẹ́, Leeds: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹbí, ẹ dá mi lóhùn. Ọjọ́ ìbí 70 màámi ti ń sún mọ́lé, èmi ni wọ́n sì ní kí n wá aṣọ ẹbí. Mo rí léèsì kan lórí Instagram, £95 fún yáàdì márùn-ún. Èèyàn 12 ni wá, £1,140 nìyẹn. Àwọn tó ń tà á ní bí mo bá ṣe tíránsífà dípò káàdì, àwọn á yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò. Mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì wọn sórí fóònù, báǹkì mi ní orúkọ kò bára mu. Wọ́n ní orúkọ akọ̀wé owó àwọn ni. Aago kan ń ka ìṣẹ́jú lójú sáìtì náà, ẹ̀gbọ́n mi sì ń pè láti Ìjẹ̀bú-Òde pé ṣé mo ti sanwó. Àyà mi ń já.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Má san kọ́bọ̀! Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Báǹkì ti sọ fún ẹ pé orúkọ kò bára mu, kí lo tún ń wò?

Ṣẹ́gun, Manchester: Àbẹ̀kẹ́, lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá lójú sáìtì náà. Òfin ìlú yìí ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ́ "limited" kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ síbẹ̀. Mú nọ́ńbà yẹn lọ sí Companies House, níbi tí ìjọba ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, wo orí WHOIS, àkọsílẹ̀ orúkọ sáìtì, kó o mọ ìgbà tí wọ́n ra orúkọ sáìtì yẹn.

Àbẹ̀kẹ́: Mo ti wò ó, ẹ̀gbọ́n. Orúkọ mìíràn ló jáde, iṣẹ́ ilé kíkùn ni wọ́n kọ síbẹ̀. Sáìtì ní àwọn ti ń tajà láti 1998, WHOIS ní oṣù tó kọjá ni wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n àmì àgádágodo wà lókè o.

Ṣẹ́gun: Àgádágodo kàn ń sọ pé ẹlòmíì kò lè yọjú wo ohun tó ń kọjá láàrin ìwọ àti wọn. Kò sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọ̀fẹ́ ni olè pàápàá ń rí i gbà.

Ìyá Ìbejì: Ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ sórí bébà, kí wọ́n gbé e lé léèsì náà, kí wọ́n ya fídíò rẹ̀ fún ẹ lónìí. Ẹni tí aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní bá ẹ jà lórí ìyẹn.

Fadékẹ́mi, Birmingham: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́dún 2023, mo ra gèlè 20, £60 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi káàdì kírédíìtì san £1,200. Ẹrù kò dé. Mo sọ fún báǹkì pé Section 75 bò mí, òfin tó ní kí oníkáàdì kírédíìtì dá owó padà bí ọjà kò bá dé. Wọ́n ní kò bò mí, nítorí gèlè kọ̀ọ̀kan kò tó £100.

Rótìmí, Milton Keynes: Wọ́n rẹ́ ọ jẹ ni! £1,200 ló jáde lára káàdì ẹ, ó ju £100 lọ fíìfíì.

Fadékẹ́mi: Bọ̀ọ̀dá Rótìmí, mo ka òfin 1974 náà. Iye ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò: kó ju £100 lọ, kó má ju £30,000. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá san £1,140 fún ìdì 12, £95 náà ni wọ́n máa wò.

Rótìmí: Mi ò gbà. Wọ́n dá ti ìyàwó mi padà.

Ìyá Ìbejì: Kí ni ìyàwó ẹ rà?

Rótìmí: Sófà.

Fadékẹ́mi: Sófà kan! Ẹ ò rí i? Chargeback ló kù fún irú wa, ìyẹn kí báǹkì wa bá wa gba owó padà lọ́wọ́ báǹkì ẹni tó tajà, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún káàdì débíìtì náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 120 ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Ẹni tó ta gèlè fún mi ń sọ pé ẹrù wà ní kọ́sítọ́ọ̀mù, ó ń bẹ̀ mí, mo ń ṣàánú ẹ̀, títí àkókò fi kọjá. Àbẹ̀kẹ́, má ṣàánú wọn.

Rótìmí: Tíránsífà gan-an kò burú mọ́. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, báǹkì gbọ́dọ̀ dá owó ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì padà, títí dé £85,000.

Ṣẹ́gun: Rótìmí, má fi ìyẹn ki ọmọ ọlọ́mọ láyà. Láàrin àkáǹtì ìlú yìí nìkan ni. Wọ́n lè yọ £100 níbẹ̀. Báǹkì sì ti kìlọ̀ fún un. Bó bá kọ etí ikún tó sanwó, wọ́n lè ní àìbìkítà rẹ̀ ti kọjá ààlà. Bó bá sì jẹ́ pé aṣọ dé ṣùgbọ́n kò dára, ìlànà yẹn kò kàn án rárá.

Akin, Houston: Òfin yín pọ̀ o, ẹ̀yin ará ìlú ọba! Níbí, bí ẹrù kò bá dé, mo kọ̀wé sí oníkáàdì láàrin ọjọ́ 60 tí ìwé ìnáwó jáde. Ó parí. Ẹ tiẹ̀ máa bọ̀ ní Houston, ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ wa kún Bissonnet.

Ìyá Ìbejì: Houston wo? Níbi tí ẹ ti ń wa mọ́tò lọ ra àlùbọ́sà? Èmi á fẹsẹ̀ rìn lọ sí Rye Lane, màá nà léèsì sí ìmọ́lẹ̀, màá yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá òwú ń já, màá wá ná an.

Akin: Ìmọ́lẹ̀ wo, ìyá? Nínú òjò?

Fadékẹ́mi: Gbàgì ló ń wù mí ní tèmi. Oníbàárà màámi níbẹ̀ á ní kí n jókòó lórí àpótí, á rán ọmọ lọ ra omi inú ọ̀rá, á tú aṣọ tí a ò ní rà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àbàwọ́n bá wà lára èyí tí a rà, a ó gbé e padà. Wọ́n á jà, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́: Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mi ò san. Inú ń bí i. Google Lens, tó ń fi àwòrán wá àwòrán, gbé àwòrán léèsì yẹn jáde lórí sáìtì ilé-iṣẹ́ kan ní Lustenau, ní Austria. Ṣé àwọn yẹn máa ń ta ìdì 12 péré? Ta ló ti rà lọ́wọ́ wọn rí?

Akin: Lustenau! Ibẹ̀ ni léèsì tí màámi fi ṣègbéyàwó ti wá. Ó ṣì wà nínú àpótí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò tíì ṣá.

Ìyá Ìbejì: Ògbómọ̀ṣọ́? Akin, ọmọ agboolé wo ni ẹ́? Ibẹ̀ lọ́kọ mi ti wá o!