Gíà ọ́tòmátíìkì tó ń yọ̀ nínú ọkọ̀ àtijọ́: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀. Ọkọ̀ mi ti lé ní ogún ọdún, gíà ọ́tòmátíìkì onípele mẹ́rin ló sì ní. Nígbà tó bá fẹ́ kúrò ní gíà kejì bọ́ sí ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì a ké sókè, ọwọ́ RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) a fò láti nǹkan bí 2,000 dé 3,500, ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ kò ní lé sí i. Lẹ́yìn náà ni gíà a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá mú, tí ọkọ̀ a sì ta síwájú. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná ló ń burú jù. Mẹkáníìkì tí mo fi hàn ní àfi kí n pààrọ̀ gbogbo gíábọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ kò tú nǹkan kan wò. Ẹlòmíràn ní kí n kàn fọ inú gíà náà. Kí ni mo lè yẹ̀ wò kí n tó náwó?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ má tíì gbà. Gíà ló ń yọ̀ lóòótọ́, nítorí bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ni kò lágbára, ọkọ̀ ìbá wúwo lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n RPM kò ní fò sókè láìsí eré. Ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí gíà yóò fi gbóná, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi ọ̀pá gíà kan P, R, N àti D lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a padà sí P, kí ẹ tó fa gééjì ọ́ìlì yọ. (Ìwé àwọn ọkọ̀ kan ní kí a pa ẹ́ńjìnnì ná, nítorí náà ẹ wo tiyín.)

Ẹ nu ẹnu gééjì náà sára aṣọ funfun. Ọ́ìlì tó ti jóná a máa dúdú, a sì máa rùn bíi búrẹ́dì tí iná gbà. Ẹ fi ìka méjì ra á: bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú dúdú, àwo clutch (àwọn àwo tó ń di gíà mú nínú gíábọ́ọ̀sì) ló ń jẹ, bó bá jẹ́ ohun tó ń dán wínrínwínrín, irin ló ń jẹ irin, ìyẹn sì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ọ́ìlì bá dín, ẹ wá ibi tó ń jò, nítorí gíà kì í jó ọ́ìlì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jó o.

Ìdáhùn kejì

Ohun tó gba àfiyèsí mi ni pé láàárín gíà kejì àti ẹ̀kẹta nìkan ló ti ń yọ̀. Bí páǹpù tàbí fíltà tó dí bá ni, kì í sábà yan gíà. Rìfáàsì pàápàá ìbá máa yọ̀. Àwo clutch gíà kẹta, síìlì rẹ̀ tàbí solenoid (fáàfù oníná) tó ń darí rẹ̀ ni mo fura sí. Síìlì tó ti gan a máa jẹ́ kí ọ́ìlì gbígbóná, tó ti ṣàn jù, jò kọjá nínú lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tó fi lè burú sí i bó bá gbóná.

Ṣùgbọ́n ẹ wo kébù kan kí ẹ tó ronú síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ gíà onípele mẹ́rin àtijọ́, kébù wà láti ibi tọ́tù ẹ́ńjìnnì (ohun tó ń ṣí bí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ eré) lọ sínú gíà, òun ló ń jẹ́ kí gíà mọ bí ẹ ṣe tẹ tọ́tù tó. Bó bá dẹ̀, gíà á rò pé ẹsẹ̀ yín fúyẹ́, agbára tí ọ́ìlì fi ń di àwo mú kò ní tó, àwo á sì máa yọ̀. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń darí tiyín, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú àwọn kóòdù àṣìṣe tí ẹ̀rọ náà lè fi hàn, P0700 kò sọ ju pé gíà ní ẹjọ́. P0733 ló ń tọ́ka sí gíà kẹta gan-an, P0750 tàbí P0755 sì jẹ mọ́ solenoid, èyí tí a lè pààrọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láìjá gíà sílẹ̀.

Ìdáhùn kẹta

Ní ti fífọ inú gíà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ ti ọ́ìlì kọjá nínú rẹ̀ tipátipá. Àwọn kan gbà pé ọ́ìlì tuntun ló ń pa gíà àtijọ́. Èmi kò gbà, ìgbà tí gíà bá ti ń kú lọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn jáde láti ìsàlẹ̀, ẹ pààrọ̀ fíltà, kí ẹ sì da iye tó jáde padà. Ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì ló sábà ń jáde, nítorí èyí tó pọ̀ nínú ìyókù wà nínú torque converter (ohun tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ gíà). Irú èyí tí ìwé ọkọ̀ yín dárúkọ ni kí ẹ rà; irú ọ́ìlì gíà tí à ń pè ní Dexron kò lè dípò èyí tí à ń pè ní ATF+4.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọ́ìlì kò dín, ó rùn díẹ̀, n kò sì rí lẹ́búlẹ́bú kankan. Kébù náà wà, ó sì dẹ̀ débi pé ìka kan gbé e sókè. Ṣé kí n kàn fà á le ni?

Ìdáhùn kejì

Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà ni kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí bó bá le jù, gíà á máa pẹ́ kó tó yí, á sì máa gbá. Bó bá ṣì ń yọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n so gééjì mọ́ ojú ìdánwò tó wà lára gíà, kí wọ́n wọn agbára ọ́ìlì. Bí agbára náà bá pé, tí solenoid sì dára, a jẹ́ pé inú gíà kẹta fúnra rẹ̀ ni àrùn wà, wọ́n á sì ní láti já gíà sílẹ̀ kí wọ́n tú u.