Squat rẹ̀ lágbára, snatch rẹ̀ ò kúrò lójú kan: kí la máa mú ṣáájú?

Olùkọ́ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin kóòṣì. Ọmọbìnrin ọdún 17 kan wà lọ́wọ́ mi n'Íbàdàn, kílò 58 ló wọ̀n. Ó ń gbé 105 lé ẹ̀yìn ọrùn, á lóṣòó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, á sì dìde; squat nìyẹn. Àmọ́ snatch rẹ̀ (gbígbé irin láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan náà) ò kọjá 50, clean and jerk rẹ̀ (kó kọ́kọ́ gbé e dé èjìká, kó tó tì í lọ sókè orí) ò kọjá 68. Ọ̀gá kan ní kí n ṣáà máa fi kún agbára rẹ̀, pé tẹ́sẹ̀ bá ti le, irin á tẹ̀ lé e. Ọ̀gá kejì ní kó máa lo ọ̀pá òfìfo títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́ ọn. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìyá Onírin:
Olùkọ́, ẹ kú akitiyan. Àwọn kílò tẹ́ ẹ kọ yẹn ti dá yín lóhùn. Ẹni tó bá mọ irin gbé, clean and jerk rẹ̀ sábà máa ń wà nítòsí ìdá 80 nínú 100 ohun tó fi ń lóṣòó. Ti ọmọ yín yẹ kó máa sún mọ́ 84. Agbára ń bẹ lára rẹ̀, kò tíì rọ́nà dé ọ̀dọ̀ irin ni. Ká ní 75 ló fi ń lóṣòó tó sì ń gbé 68, ẹsẹ̀ ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ dojú kọ.

Àmọ́ mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀pá òfìfo o. Kílò 15 ni ọ̀pá obìnrin. Ọmọ tó lágbára báyìí á kàn fi apá fà á sókè ni, àṣìṣe ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ò ní hàn síta. Irin gbọ́dọ̀ wúwo díẹ̀ kó tó lè kọ́ni. Ẹ fún un ní 35 sí 40 fún snatch, ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì kó tó sinmi, nígbà tára rẹ̀ ṣì le. Squat ni kó fi parí, torí ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kì í kọ́ nǹkan tuntun. Tí irin bá ti ń jìnnà sí ara, ẹ dá a dúró fún ọjọ́ yẹn.

Ẹ tún wo àwo irin yín. Ti ìdíje ga ní sẹ̀ǹtímítà 45. Tí tiyín bá kéré, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa, ọ̀pá á sún mọ́lẹ̀ jù. Ẹ fi pákó gbé e.

Ẹni tó bá rò pé agbára nìkan tó, kó rántí Birmingham 2022, kílò 55 àwọn obìnrin ní Ìdíje Commonwealth. Bindyarani Devi ará Íńdíà gbé 116 ní clean and jerk. 111 ni Adijat Ọlárìnóyè tiwa gbé. Àmọ́ Adijat ti fi snatch 92 ṣáájú 86 ti Bindyarani. Àpapọ̀ méjèèjì wá jẹ́ 203 sí 202! Snatch, níbi tí ọgbọ́n ti ń ṣiṣẹ́ jù, ló gbé wúrà wá sílé. Inú mi ṣì ń dùn sí i dòní.

Asáré Ìlaròó:
Màmá, asáré 100 mítà lèmi ń kọ́. Ṣé dandan ni kí wọ́n mọ snatch tó bẹ́ẹ̀?

Ìyá Onírin:
Rárá, kóòṣì. Irin kọ́ ni wọ́n máa fi díje. Kí wọ́n máa fà á láti òkè orúnkún, tàbí kí wọ́n máa fò pẹ̀lú irin fífúyẹ́. Oṣù tí wọn ì bá fi kọ́ snatch, orí pápá ni kí wọ́n lò ó.

Olùkọ́ Mọ́kọ́lá:
Mo fi fóònù ya fídíò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ lónìí. Ìdí rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gòkè, àyà ṣì wà nísàlẹ̀, irin á wá ṣí kúrò lára itan.

Ìyá Onírin:
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wò ó. Tí irin bá dé orúnkún, kó dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí èjìká ṣì wà níwájú ọ̀pá, kó tó fà á tán. 35 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má yọ squat kúrò o, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó, kí agbára tó ti ní má bàa wálẹ̀. Ẹ tún fídíò yà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbí ká jọ wò ó.