Sìmẹ́ǹtì tá a fi "tún" ilé bàbá wa ṣe ló bà á jẹ́

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ ti ń sọ ìtàn ilé bàbá yín n'Íbàdàn níbí, ẹ jẹ́ n sọ ti ilé bàbá tiwa náà. Ilé òkè kan ni, amọ̀ látilẹ̀ dókè, ògiri ẹ̀ nípọn débi pé ojú fèrèsé làwa ọmọdé máa ń jókòó sí tá a bá ń mu ẹ̀kọ. Owó kòkó ni bàbá bàbá mi fi kọ́ ọ, àwọn tó mọ iṣẹ́ Àgùdà, ọnà ilé táwọn tó ti Brazil dé mú wá, ló sì ṣe òdòdó sára òpó iwájú, mo ṣì máa ń fọwọ́ pa á tí mo bá délé.

Nígbà tí ìdí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ẹbí dáwó. Èmi gan-an ni mo léwájú o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ l'Ékòó, mo rò pé mo gbọ́n, mo ní ká fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ẹ̀ kó dọ́gba. Ẹ ẹ̀ rí bó ṣe dán! A ya fọ́tò, a pa adìẹ. Kò pé ọdún mẹ́ta ó ti ń wú bí àkàrà inú epo, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á dún bí igbá òfìfo, lóru ọjọ́ kan tójò ń rọ̀ ni igun yàrá màmá àgbà dà wálẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni tó sùn síbẹ̀.

Bàbá arúgbó kan tó ti mọ ilé amọ̀ rí la lọ bẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀wù tẹ́ ẹ wọ̀ fún un, kò jẹ́ kó làágùn." Ṣé ẹ mọ̀ pé amọ̀ máa ń fa omi látilẹ̀, ojú ògiri lomi yẹn ń gbà gbẹ, sìmẹ́ǹtì wá dí i pa, ó kù sínú, ògiri di ẹrẹ̀. Ó ní ká ha gbogbo ẹ̀ kúrò. Erùpẹ̀ pupa, koríko gígé àti ìgbẹ́ màlúù ló ní ká pò, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n bò ó fọ́jọ́ mélòó kan kí wọ́n tó fi rẹ́ ẹ. Ó tún ní ká fa páànù síta sí i kómi má máa já sídìí ògiri, ìyẹn gan-an ni àìsàn àkọ́kọ́, a ò kàn wò ó ni.

Àwọn kan ti ní ká wó o ká fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, ní ojú oórì bàbá wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ta ni yóò ta ọjà lórí ẹ̀? Ẹni tó sì fẹ́ dá a tà lẹ́yìn olórí ẹbí, kóòtù ò ní gbà fún un.

Àbíkẹ́yìn Ògùnpa:
Ọ̀rọ̀ omi yẹn dùn mí. 31 oṣù kẹjọ 1980 ni omíyalé Ògùnpa gbé tiwa lọ, màmá mi ní ògiri kọ́kọ́ rọ̀ nídìí ni, ó wá jókòó bí arúgbó. Ilẹ̀kùn ìrókò nìkan la rí he, ó wà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Bódìjà, wọ́n fi ṣe tábìlì. Màmá kì í gbé ife lé e.

Ará Bẹẹrẹ:
Ẹ jọ̀ọ́, bàbá arúgbó yẹn ṣì wà? Wọ́n ti já sìmẹ́ǹtì sójúde wa láàárọ̀ yìí, bíríkìlà ń bọ̀ lọ́la.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ó wà. Ẹ sọ fún bíríkìlà kó má wá o, mò ń pè yín báyìí.