Àjẹ́ kọ́, àkúdàáyà kọ́: kí ni ká máa pe fámpáyà inú ìtàn ọ̀dọ́?

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó máa fún fámpáyà nínú ìtàn àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, pàápàá ìtàn tó wáyé ní ilé-ìwé bọ́dìn ní Èkìtì. Ẹnì kan ní ká pè é ní àjẹ́. Ẹlòmíràn ní àkúdàáyà. Ẹnì kẹta ní ká kọ fámpáyà bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ẹnu ó pa.

Mi ò fara mọ́ àjẹ́ rárá. Alààyè ni àjẹ́. Ó ń tajà, ó ń bímọ, ara rẹ̀ sì wà lórí ẹní nígbà tí ẹyẹ rẹ̀ bá jáde lóru. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní ó ń mu kì í lójú ọgbẹ́. Àìsàn ni ará ilé ń rí. Òkú ni fámpáyà ní tirẹ̀. Ara rẹ̀ gan-an ló ń dìde nínú pósí, ojú eyín méjì ló sì ń fi sílẹ̀ lọ́rùn ẹni. Ohun mìíràn tún wà tó wúwo ju gírámà lọ: ẹ̀sùn àjẹ́ ti lé ọmọdé kúrò nílé òbí wọn ní Nàìjíríà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó bá ka ìtàn wa kò gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kó wá máa fojú fámpáyà wo ọmọ tí wọ́n jọ ń sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Àkúdàáyà sún mọ́ ọn díẹ̀, nítorí pé òun náà ti kú. Ṣùgbọ́n iyán ni àkúdàáyà ń jẹ, kì í mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ó gbéyàwó, ó ń ṣiṣẹ́ ajé. Ọjọ́ tí ará ilé bá fojú kàn án ni yóò pòórá. Kì í sá fún oòrùn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sá fún. Bí ẹ bá fi àkúdàáyà pe ọmọkùnrin tuntun kan ní kíláàsì SS2, gbogbo òǹkàwé Yorùbá ni yóò máa retí kí ará ìlú rẹ̀ yọ lọ́jọ́ àbẹ̀wò òbí. Bí ìyẹn kò bá sí nínú ìtàn yín, ẹ ti ṣi òǹkàwé lọ́nà látojú ìwé kìíní.

Amùjẹ̀ ni mo fọwọ́ sí fún gbogbo ẹ̀yà wọn. Àwọn kan fẹ́ òmùjẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ń yí ìtumọ̀ padà lóòótọ́: ẹ wo akọ̀wé àti òǹkọ̀wé, inú kọ̀wé ni méjèèjì ti jáde, síbẹ̀ ọ̀kan jókòó sí ọ́fíìsì, èkejì ń kọ ìwé ìtàn. Òmùjẹ̀ ń dún bí ọ̀mùtí létí mi, bí ẹni tí ìwà burúkú kan mọ́ lára tó sì lè jáwọ́ bó bá fẹ́. Oúnjẹ ni ẹ̀jẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí à ń sọ, kò sí ìjáwọ́ níbẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ẹ̀fọn àti eṣúṣú náà ń mu ẹ̀jẹ̀. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí a fi nílò ọ̀rọ̀ kejì fún èyí tó ti kú. Wọ́n dábàá akúmùjẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dún bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ mímu ṣekú pa. Ajímùjẹ̀ dára jù ú lọ. Ají- yìí la ń gbọ́ nínú Ajíṣafẹ́: ẹni tó jí, tó sì kọjú sí ohun kan. Òkú tó jí lóru tó kọjú sí ẹ̀jẹ̀, ajímùjẹ̀ nìyẹn.

A nílò ìpín yìí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìtàn àbáláyé Romania ní strigoi, ó sì ní moroi. Òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà kan gba orúkọ méjèèjì fún ìtàn ilé-ìwé bọ́dìn tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 2007: alààyè ni moroi nínú tirẹ̀, wọ́n ń bí i, ó sì ń kú, òkú tí kì í kú mọ́ ni strigoi. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣe é túmọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Amùjẹ̀ àbínibí àti ajímùjẹ̀ yóò gbé e dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìṣe náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ènìyàn a máa géni jẹ, ajá a máa buni jẹ, ẹ̀fọn a máa jẹni, ejò a máa ṣánni. Bí ẹ bá kọ “ó gé e jẹ lọ́rùn”, eyín ènìyàn lásán ni òǹkàwé yóò rí, bí ìjà ọmọdé. Ihò kéékèèké méjì bí ti ejò ni a fẹ́. Ẹ kọ “ó ṣán an lọ́rùn, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu”. Bí ó bá wá fún ẹni náà ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ mu kí ó lè dà bíi tòun, a ti ní ìmùlẹ̀ fún ìyẹn, kò sí ìdí láti hun tuntun.

Ti òfin ẹnu ọ̀nà, Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nínú ìwé Dracula ti 1897, fámpáyà kò lè wọlé onílé àfi bí ará ilé kan bá kọ́kọ́ pè é wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ó lè máa wọlé bó ṣe wù ú. “Àgò o!” ni kó kí lẹ́nu ọ̀nà dọ̀mítírì, ọmọ kan tí oorun ń kùn á sì dáhùn pé “Àgò yà!” Gbogbo yàrá ti wọ gàù. Ní ti oòrùn, ẹ má ṣe gbà pé dandan ni kó pa á: nínú ìwé 1897 yẹn, ó ń rìn lọ́sàn-án, agbára rẹ̀ ló ń dín kù. Fíìmù Jámánì kan ní 1922 ló sọ oòrùn di ikú rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ tó fi ọmọ náà sórí ìlà àpéjọ òwúrọ̀.

Ibi tí mo ti rí i pé àwọn òǹkọ̀wé ń kọsẹ̀ jù ni o àti ẹ. Amùjẹ̀ tí wọ́n bí ní 1890, tí ojú rẹ̀ dúró sí ọdún mẹ́tàdínlógún, báwo ni wọn yóò ṣe bá a sọ̀rọ̀? Ọmọbìnrin tó ń fẹ́ràn rẹ̀ yóò máa wí fún un pé “o ti jẹun?” Mátírọ́ọ̀nù tó jẹ́ ẹni àádọ́ta ọdún yóò máa pè é ní “ìwọ ọmọ yìí”, òun náà á máa dá a lóhùn pé “ẹ jọ̀ọ́, mà”. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí ìbínú wá mú un lọ́jọ́ kan, kó sọ fún mátírọ́ọ̀nù pé “ìwọ, kúrò lọ́nà!” pẹ̀lú ohùn àgbàlagbà. Nílé-ìwé Èkìtì, ìyẹn nìkan tó láti pe gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì jọ. Nígbà tí ọmọbìnrin náà bá sì mọ òótọ́, ẹ jẹ́ kí “ẹ” yọ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀: “Ṣé ẹ ti kú ni?” Ẹ má ṣe túmọ̀ rẹ̀ síwájú sí i. Òǹkàwé Yorùbá yóò gbọ́ ọ.

Fámpáyà kò ní láti kú o. Ẹ fi sẹ́nu àwọn ọmọ nínú ọ̀rọ̀ wọn, torí bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, kí asọ̀tàn máa sọ amùjẹ̀.