Gíláàsì iwájú ọ̀kadà: kí n fi sí i ni àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

OmoImota:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọlọ́kadà ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ báyìí, Ìmọ̀tà ni mo ṣì ń gbé, torí náà ojoojúmọ́ ni mò ń gun Boxer mi gba Ìtóìkín lọ gba ibẹ̀ bọ̀. Láàárọ̀ atẹ́gùn á máa gbá mi láyà, kí n tó débi iṣẹ́ apá ti ń ro mí, ọrùn ti le gan-an, tó bá tún wá dìrọ̀lẹ́, kòkòrò lásánlàsàn ló ń kọ lù mí lójú, pàápàá nítòsí omi Ìtóìkín yẹn. Ọyẹ́ náà ń bọ̀ lọ́nà. Mo ti rí àwọn tó fi gíláàsì síwájú ọ̀kadà tiwọn tí wọ́n ní ó dáa, àmọ́ mẹkáníìkì mi yarí pé òun ò ní bá mi de nǹkan bẹ́ẹ̀, pé ó máa ń gbé èèyàn ṣubú. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti lò ó? Àbí kí n kàn ra jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn?

BodaAgbowa:
Àbúrò, fi sí i jàre. Ọ̀nà tó ò ń gbà yẹn, èèyàn máa ń sáré níbẹ̀, kì í ṣe àárín ìlú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé tó o bá ń sá 40 tó o wá tẹ̀ ẹ́ dé 80, atẹ́gùn tó ń tì ẹ́ láyà ò ní di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló máa dà, apá tó o fi di háńdù mú sì ni gbogbo ẹ̀ ń bọ́ sí, ìdí tó fi ń ro ẹ́ nìyẹn. Jákẹ́ẹ̀tì á lé òtútù lóòótọ́ àmọ́ kò ní kí atẹ́gùn má tì ẹ́ sẹ́yìn.

Gíga ẹ̀ ni kó o mójú tó o. Jókòó sórí ọ̀kadà bó o ṣe máa ń jókòó gan-an, má ga ọrùn, kí etí òkè gíláàsì yẹn mọ níbi imú ẹ, kó o máa wo ọ̀nà lórí ẹ̀, má wò ó láti inú ẹ̀. Wọ́n á fẹ́ ta èyí tó ga fún ẹ pé òun ló ń bo èèyàn dáadáa, má gbà. Gíláàsì ọ̀kadà ò ní wáípà, tí òjò bá rọ̀ omi á kàn rọ̀ mọ́ ọn, tí iná tírélà bá wá tàn sí i lálẹ́, ọ̀nà ti pòórá lójú ẹ nìyẹn.

AgbadarigiRider:
Ọ̀nà Àgbádárìgì ni mò ń ná, mo ti yọ tèmi kúrò, mi ò sì ní fi padà. Ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn ti ń jà lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, èyí tí wọ́n dè mọ́ háńdù sì dà bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, tí mọ́tò ńlá bá ti ré ẹ kọjá báyìí, wàá rí i tí háńdù fẹ́ yí lọ́wọ́ ẹ. Mẹkáníìkì ẹ ò parọ́ rárá. Ariwo náà ńkọ́? Atẹ́gùn tó bá gba òkè gíláàsì kọjá á máa lọ́ yípo, á wá máa gbá hẹ́límẹ́ẹ̀tì gbà gbà gbà, orí á máa mì títí èèyàn fi délé. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó bo gbogbo ojú, tó ní gíláàsì tó ṣeé ṣí tó ṣeé pa dé, ni mò ń lò, eruku ò dé ojú mi, kòkòrò ò dé ibẹ̀. Ẹni tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé Sábó sí Ẹbútè ló ń ná ní Ìkòròdú, kí ló fẹ́ fi gíláàsì ṣe? Ooru ló máa fi yan ara ẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

BodaAgbowa:
Ọ̀gá Àgbádárìgì, òótọ́ lẹ sọ nípa háńdù. Èyí tí wọ́n dè mọ́ ara fírémù ló dáa jù, torí bí atẹ́gùn bá tì í, kò ní yí táyà iwájú. Tó bá sì jẹ́ ti háńdù lèèyàn rí, kó ra kékeré. Ti orí tó ń mì yẹn, ẹ sọ gíláàsì náà kalẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ẹ dà á sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn díẹ̀ lè gbabẹ̀ wọlé, ìyẹn máa ń pẹ̀tù sí i. Láti mọ̀ bóyá gíláàsì ló ń fà á, tí ọ̀nà bá dá páropáro, ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀ lórí ìjókòó, tí ariwo bá ti rọlẹ̀ bí orí yín ṣe ga kọjá ibẹ̀, gíláàsì ni.

SainboduOdogunyan:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí iṣẹ́ mi ni gígé perspex, ìyẹn ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Àwọn kan máa ń gbé ọ̀kadà wá pé kí n gé èyí tí mo fi ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù fún wọn, mi ò kì í gbà, torí tí òkúta bá ta bà á ó lè sán, etí ẹ̀ á sì mú bí ọ̀bẹ, iwájú ọrùn èèyàn ló sì wà! Gíláàsì fèrèsé ni kẹ́ ẹ má tiẹ̀ dá lábàá rárá. Ike tí wọ́n ń pè ní polycarbonate ni kẹ́ ẹ béèrè, ìyẹn kì í tètè fọ́. Wàhálà tiẹ̀ ni pé ó máa ń tètè ha, ẹ má fi àkísà gbígbẹ nù ún nígbà tí eruku bá wà lára ẹ̀. Ẹ rẹ aṣọ sínú omi, ẹ fi bò ó fún ìgbà díẹ̀ kí òkú kòkòrò yẹn lè rọ̀, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ àti aṣọ tó múlọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi pẹtiróòlù kàn án láé, ẹ má sì lo oògùn tí wọ́n fi ń nu fèrèsé tó ní kẹ́míkà ammonia nínú, ó máa ń jẹ́ kó ṣe bàìbàì kó sì máa sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

OmoImota:
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó bo ojú ni màá kọ́kọ́ rà lóṣù yìí, torí tèmi kò bo ju orí lọ, tówó bá tún wọlé màá wá èyí tó kéré tó ṣeé dè mọ́ fírémù. Ìyàwó mi máa ń bá mi lọ sọ́jà Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé, ṣé gíláàsì náà á gbà á lọ́wọ́ atẹ́gùn?

BodaAgbowa:
Ẹ̀yìn rẹ ló ń gbà á, àmọ́ tí orí ẹ̀ bá ga ju tìẹ lọ, atẹ́gùn tó fò ọ́ kọjá, òun ló máa lọ bá. Ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó bo ojú fún òun náà. Boxer máa ń gbọ̀n púpọ̀, torí náà tí wọ́n bá de gíláàsì yẹn tán, tó o sì ti gùn ún fún ọjọ́ díẹ̀, mú sípánà kó o tún gbogbo nọ́ọ̀tì ẹ̀ fún.